Ṣáláńgá Kọ́ Ló Ń Kó Kilamídíà Ranni

Ní Ìlọrin tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì, bí abẹ́ bá ń dun obìnrin, tàbí tí omi tó yàtọ̀ bá ń dà lójú ara rẹ̀, orúkọ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń pè é ni "tọ́ílẹ́ẹ̀tì ìnfẹ́kṣọ̀n". Wọ́n gbà pé ooru tó ń ru jáde nínú ṣáláńgá, tàbí ìjókòó tọ́ílẹ́ẹ̀tì tí ẹlòmíràn ti lò, ló ń kó àrùn wọ inú ara. Mo mọ arábìnrin kan ní Tánkè tí kì í wọ tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé wọn láìgbé bútà omi gbígbóná tó ti po Dettol sí dání. Yóò da omi náà sórí ìjókòó, yóò tún lóṣòó lókè rẹ̀ kí ara má bàa kàn án. Ó ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún méjì kí àyẹ̀wò tó fi hàn pé ó ní kilamídíà, ìyẹn àrùn kan tí ìbálòpọ̀ máa ń kó ranni.

Bakitéríà tó ń fa àrùn yìí kò lè dá gbé. Inú sẹ́ẹ̀lì tó wà láàyè nìkan ló ti lè bí sí i, nítorí náà ooru ṣáláńgá kò lè gbé e wọ ara ẹnikẹ́ni, orí ìjókòó gbígbẹ kò sì gbà á. Ìbálòpọ̀ ló ń gbé e kiri, ìyá tó ní in sì lè kó o ran ọmọ nígbà ìbímọ, tí ojú ìkókó náà yóò fi máa ṣe ipin tàbí kí òtútù àyà mú un. (Ohun funfun tó dì bíi wàrà, tó sì ń yúnni, sábà máa ń jẹ́ àrùn mìíràn, tọ́ílẹ́ẹ̀tì kò mọ̀ nípa ìyẹn náà.)

Ìdí tí àwọn ènìyàn fi fẹ́ràn ẹ̀sùn yìí yé mi, nítorí ṣáláńgá kì í jiyàn, kò sì ní ẹbí tí yóò bá wọn jà. Nígbà tí mo sọ fún arábìnrin yìí pé kí ọkọ rẹ̀ wá, ohun tó sọ ni pé, "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kúkú bá mi kọ ọ́ pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì ni." Mo ṣàlàyé fún un pé èsì àyẹ̀wò kì í sọ ẹni tó kó àrùn wálé tàbí ìgbà tó kó o. Ọ̀pọ̀ obìnrin tó ní kilamídíà, àti ọ̀pọ̀ ọkùnrin pẹ̀lú, ni kì í rí àmì kankan, ó sì lè wà lára fún oṣù púpọ̀ tàbí kó ju ọdún kan lọ, títí tó fi lè jẹ́ pé ó ti wà níbẹ̀ kí tọkọtaya tó mọ ara wọn.

Ibi tí ìtàn ṣáláńgá ti ń pa wá lára ni pé ìyàwó nìkan ló ń lo oògùn. Bí wọ́n bá ti tún súnmọ́ ara wọn, àrùn á padà, tó bá sì ń padà léraléra, ó lè ba ọ̀nà tí ẹyin ń gbà dé ilé ọmọ jẹ́, kó fa oyún ìta ilé ọmọ tàbí àìrọ́mọbí. Àgbo kò lè wò ó. Oògùn tí dókítà sábà máa ń kọ ni doxycycline, mílígíráàmù 100 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ fún ọjọ́ 7. Aboyún kì í lo ìyẹn, azithromycin gíráàmù 1 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni tirẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí aláìsàn ti bá ní ìbálòpọ̀ láàárín ọjọ́ 60 sẹ́yìn gbọ́dọ̀ gba ìtọ́jú pẹ̀lú, kí wọ́n má sì súnmọ́ ara wọn títí ọjọ́ 7 yóò fi pé. Lẹ́yìn oṣù 3, kí wọ́n tún àyẹ̀wò ṣe.

Kí ẹ béèrè irú àyẹ̀wò tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín. Kilamídíà kì í hù nínú àwo tí lábù máa ń gbin kòkòrò àrùn sí. Èyí tó ń wá jíìnì rẹ̀ nínú ìtọ̀ tó kọ́kọ́ jáde, tàbí nínú òwú tí wọ́n fi nu ojú ara, ló ṣeé gbára lé. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 25 tó ń ní ìbálòpọ̀ yẹ kó máa ṣe é lọ́dọọdún, kọ́ńdọ̀mù sì ń dín ewu rẹ̀ kù púpọ̀.

Ọkọ arábìnrin náà wá lọ́jọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun. Kò sí ohun tó ń dùn ún, síbẹ̀ kilamídíà wà nínú ìtọ̀ rẹ̀. Àwọn méjèèjì lo oògùn wọn tán. Ìyàwó ṣì ń gbé bútà lọ sí tọ́ílẹ́ẹ̀tì, n kò sì dá a lẹ́kun. Mo kàn ní kó má po Dettol sí i mọ́, torí ó ti ń bó o lára.