Jẹjẹrẹ: Ta Ni Yóò Bá Tọkọtaya Sọ̀rọ̀ Lẹ́yìn Ìtọ́jú?

A yin ìjọba àpapọ̀ nígbà tó fọwọ́ sí gbọ̀ngàn ìtọ́jú jẹjẹrẹ ní Benin, Enugu àti Katsina, a kò sì ní kó ọ̀rọ̀ wa jẹ. Ṣùgbọ́n ohun tí a ti ń sọ tipẹ́, tí àwọn aláṣẹ ń ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, náà ni a tún fẹ́ sọ: ọ̀ràn aláìsàn kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá ní kó máa lọ sílé.

Obìnrin tí wọ́n gé ọyàn rẹ̀, tí wọ́n sì yọ kókó inú abíyá rẹ̀, apá rẹ̀ lè wú lẹ́yìn oṣù tàbí ọdún, kó má sì sí ẹni tó ti kìlọ̀ fún un. Bí wọ́n bá kọ Tamoxifen, oògùn tí wọ́n fi ń dènà kí jẹjẹrẹ ọyàn padà wá, fún un, ọdún márùn-ún ó kéré tán ni wọ́n sábà máa ń ní kó lò ó. Ara rẹ̀ lè máa gbóná lóru, ojú ara rẹ̀ sì lè gbẹ, tí kò fi ní fẹ́ kí ọkọ fọwọ́ kan òun, tí ọkọ yóò sì gbà pé ó ti kọ òun sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ọkọ ló ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ pròsítéètì, ẹ̀yà ara ọkùnrin tó wà lábẹ́ àpò ìtọ̀, ìyàwó lè máa fura sí obìnrin mìíràn, nígbà tó jẹ́ pé ìtọ̀ tó ń jò àti nǹkan ọkùnrin tí kò dìde mọ́ ló ń ti baálé ilé lójú. Ta ni yóò bi dókítà ní irú èyí, pẹ̀lú èrò tó kún ẹnu ọ̀nà rẹ̀? Fóònù ni wọ́n ń bi, fóònù sì ń fà wọ́n lé alágbo orí Facebook lọ́wọ́, ẹni tí yóò ní kí wọ́n da oògùn ọsibítù nù.

Òfin tó dá NICRAT, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ìwádìí àti ìtọ́jú jẹjẹrẹ, sílẹ̀ ti wà láti 2017. Kí ni wọ́n wá ń dúró dè? National Cancer Institute, àjọ ìjọba ilẹ̀ Amẹ́ríkà tó ń rí sí ọ̀rọ̀ jẹjẹrẹ, kọ ìwé fún ẹni tó parí ìtọ́jú, ó kọ òmíràn fún ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni méjèèjì lórí íntánẹ́ẹ̀tì. A kò rò pé irú rẹ̀ yóò ná wa tó owó bánà tí wọ́n ń tẹ̀ fún Àyájọ́ Jẹjẹrẹ Lágbàáyé lọ́dọọdún, èyí tí wọ́n ń ká nílẹ̀ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Kí wọ́n gbé ìmọ̀ràn tí dókítà àti nọ́ọ̀sì yẹ̀ wò sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ní Yorùbá àti àwọn èdè wa yòókù, kó ní ohùn tí ẹni tí kò mọ̀wé lè gbọ́, kó má jẹ dátà púpọ̀, kó sì ní abala ti ọkọ tàbí aya. Kí wọ́n tẹ àdírẹ́sì rẹ̀ sára káàdì tí aláìsàn ń mú lọ sílé. A kò fẹ́ gbọ́ pé ìgbìmọ̀ kan ṣì ń jókòó lé e lórí.