Ìṣẹ́jú Mẹ́wàá Láti Mẹ́rínà sí Yábàá

(Ìsọ̀ Ìyá Alámàlà ní Ṣómólú, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ariwo ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ń bọ̀ láti òdìkejì títì, nítorí pé ní àdúgbò yìí, ilé mẹ́ta kò lè tẹ̀léra kí ènìyàn má rí ibi tí wọ́n ti ń tẹ káàdì ìgbéyàwó tàbí ìwé ètò ìsìnkú. Àǹtí Òǹkọ̀wé jókòó ti àmàlà tí ó ti tutù, ó da ojú fóònù rẹ̀ dé orí tábìlì bí ẹni tí ó fi igbá dé ejò mọ́lẹ̀. Dẹ́rẹ́bà danfo kan ń jẹun ní kọ̀rọ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn.)

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Àǹtí wa, àmàlà yìí ti ń di amọ̀ o. Ṣé gbẹ̀gìrì ni kò dùn, àbí ẹnìkan ni ó kú?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Èmi ni wọ́n pa, Ìyá. Láti ìgbà tí ìwé mi ti jáde, ènìyàn mẹ́tàdínlógún ni ó ti sọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Mẹ́rìndínlógún yìn ín, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo fún mi ní ìràwọ̀ kan nínú márùn-ún, láti àná ni n kò sì ti rántí ohun tí àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn sọ mọ́.

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Nínú mẹ́rìndínlógún yẹn, ẹ yọ mẹ́fà kúrò, nítorí pé ẹbí yín ni wọ́n. Ẹ yọ èmi náà.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Bọ̀dá, mo ní kí ẹ bá mi sọ ọ̀rọ̀ ìwé náà, n kò ní kí ẹ kọ ọ́ pé bébà rẹ̀ jẹ́ ọgọ́rin gíráàmù, pé gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn rẹ̀ kò sì lè ṣí láéláé!

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Òótọ́ ni mo sọ. Ibi tí mo kà dé nìyẹn.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Èmi náà fún yín ní márùn-ún pé, ọmọ mi ni ó bá mi tẹ̀ ẹ́. Mo ní kí ó kọ ọ́ pé ìwé náà wúwo dáadáa, àti pé láti ìgbà tí mo ti ń gbé e lé ọmọrí ìkòkò ewédú, eṣinṣin kò rí ọ̀nà wọlé mọ́.

(Tíṣà wọlé. Ó ti fẹ̀yìn tì tipẹ́, ṣùgbọ́n bírò pupa kò kúrò ní àpò àyà rẹ̀.)

TÍṢÀ: Mo gbọ́ ọ láti ìta. Ẹ má jẹ́ kí ó dùn yín jù, nítorí pé òǹkàwé Èkó kì í kàwé kí ó dákẹ́. Ní 1929, nígbà tí I. B. Thomas bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá díẹ̀díẹ̀ sínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó, ó kọ ọ́ bí ẹni pé obìnrin náà fúnra rẹ̀ ni ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́, àwọn òǹkàwé sì ń kọ̀wé sí ilé iṣẹ́ ìròyìn náà nípa rẹ̀ bí ẹni pé aládùúgbò wọn ni.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Orí tirẹ̀ ni ó dára, Bàbá Tíṣà. Wọ́n gbà pé ẹni tí kò sí wà. Èmi sọ pé àròsọ ni mo kọ, wọ́n ní mo purọ́.

TÍṢÀ: Kí ni ẹ wá ṣe sí i?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Mo kọ́kọ́ pa fóònù. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú méje, mo tún un tàn láti wò ó bóyá ẹni náà ti yọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kúrò. Nígbà tí kò yọ ọ́, mo kọ èsì ojú ewé mẹ́rin, nínú èyí tí mo ti ṣàlàyé fún un pé ẹni tí kò fẹ́ràn ẹnikẹ́ni rí kò lè mọ bí ọkàn olólùfẹ́ ti ń sáré, ṣùgbọ́n àbúrò mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, ó ní bí òǹkọ̀wé bá bá òǹkàwé jà ní gbangba, àwọn tí kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìwé náà wà yóò wá wo ìran. Ni mo bá gba ẹ̀yìnkùlé yọ sí i. «Ojú Ló Rí» ni ó pe ara rẹ̀, mo sì ti fi orúkọ náà sínú ìwé tí mo ń kọ lọ́wọ́. Eyín mẹ́ta péré ni ó ní, ìyàwó rẹ̀ kọ̀ ọ́ sílẹ̀ ní orí kìíní, àgbàrá sì gbé e lọ ní orí kejì.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ó ti tán nìyẹn.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Kò tán. Ikú yẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo jí i dìde ní orí kẹta kí n lè tún un pa. Ó ti kú lẹ́ẹ̀mẹta báyìí, ọkùnrin àti obìnrin tí wọ́n ni ìtàn kò sì tíì pàdé.

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Ẹ jẹ́ kí ó máa kú lọ. Iṣẹ́ ìsìnkú ń mówó wọlé ju iṣẹ́ ìfẹ́ lọ.

TÍṢÀ: Ẹ ka ohun tí ó kọ gan-an fún wa.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ (ó ṣí fóònù, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n): «Ní ojú ewé 47, Dèjì wọ danfo ní Mẹ́rínà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ó gba orí afárá Third Mainland, ó sì dé Yábàá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá láti lọ dá mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ Ṣadé dúró. Ibẹ̀ ni mo ti pa ìwé dé. Dèjì kò ní ìfẹ́ kankan, egbé ni ó ní.»

(Gbogbo ìsọ̀ dákẹ́. Mo ti wà níbi tí wọ́n ti tú ikú ọba, kò parọ́rọ́ tó báyìí.)

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ọjọ́ Ẹtì?

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Aago márùn-ún?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Ìfẹ́ ni ó gbé e!

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ìfẹ́ kì í gbé ènìyàn kọjá Adéníji Adélé ní ọjọ́ Ẹtì, ọmọ mi.

(Àǹtí Òǹkọ̀wé wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò rí ẹni tí yóò gbè é.)

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Ṣé ẹ rí i? Bí ó bá bú mi lásán ni, mi ò bá ti sùn.

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Kí ó gun ọ̀kadà.

DẸ́RẸ́BÀ (kò yíjú padà): Láti oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fi òfin dè é ní Erékùṣù àti ní Mainland. Wọn yóò gba ọ̀kadà, wọn yóò sì mú ọkọ ìyàwó.

TÍṢÀ: Kí ó wọ rélùwéè. Èyí tí wọ́n ṣí ní 2023, Mẹ́rínà gan-an ni ó ti ń gbéra.

DẸ́RẸ́BÀ: Máìlì Tuu ni yóò gbé e lọ, sà. Èyí tí ó ń kọjá ní Yábàá, láti Àgbádó ni ó ti ń bọ̀, Ọ̀yìngbò ni ó sì ń dúró sí. Kò dé Erékùṣù.

TÍṢÀ: Kí ó gba afárá Carter nígbà náà, èyí tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ní 1901.

DẸ́RẸ́BÀ: Àwọn tí ó wọ̀ ọ́ lọ́jọ́ náà ṣì wà ní Ìddó.

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Kí ó kúkú fi ẹsẹ̀ rin Third Mainland.

TÍṢÀ: Kìlómítà 11.8 ni, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé Òwòrónṣòkí. Lóòótọ́, yóò ti bọ́ sílẹ̀ ní Adékúnlé.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Kò lè rìn ín. Bàtà aláwọ tuntun ni ó wọ̀, mo ti sọ ọ́ ní ojú ewé 12, mo sì ti sọ pé ó ń fún un.

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Ẹ gbọ́, n kò lè tú ẹ̀dà ẹgbẹ̀rún kan tí mo ti gẹ̀ tí mo ti lẹ̀ pọ̀. Ohun tí mo lè ṣe ni kí n tẹ bébà pélébé kan tí a ó fi há inú ìwé: «Ní ojú ewé 47, dípò ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ka wákàtí méjì ààbọ̀.»

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Wákàtí méjì ààbọ̀! Kí ó tó dé, wọn yóò ti pa obì, wọn yóò ti jẹ ìrẹsì, Ṣadé yóò ti di ìyàwó ẹlòmíràn. Ẹni tí ó ra ìwé ìfẹ́, ó ti sanwó pé kí àwọn méjèèjì fẹ́ ara wọn ní ìparí. Bí n kò bá fún un, ìràwọ̀ kan yẹn yóò bí ọmọ.

(Ìyá Alámàlà da omi sí ọwọ́, ó fi ìdí aṣọ rẹ̀ nù ún, ó fa bẹ́ǹṣì, ó jókòó.)

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ọkọ kejì yẹn, níbo ni àwọn ẹbí rẹ̀ ń gbé?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Ìdúmọ̀tà. Ó wà ní ojú ewé 31.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Aago mélòó ni ẹbí Ṣadé pè wọ́n?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Aago márùn-ún ààbọ̀.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Ta ni ó wá ti dé? Gbogbo wọn ni ó wà lórí afárá, pẹ̀lú iṣu, pẹ̀lú obì, pẹ̀lú gèlè. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n háyà wà ní iwájú danfo Dèjì, kò sì sí ẹni tí ó ń lọ.

TÍṢÀ (ó dìde): Òótọ́ ni! Ó lè sọ̀kalẹ̀ bá wọn!

BỌ̀DÁ ATẸ̀WÉ: Kí ó ra ìpékeré fún ìyá ọkọ kejì. Ebi yóò ti máa pa á.

ÌYÁ ALÁMÀLÀ: Kí ó rà á ní méjì. Bí ìyá yẹn bá ti jẹ ẹ́, ẹnu rẹ̀ kò ní lè le mọ́ nígbà tí ó bá bẹ̀ ẹ́ pé kí wọ́n yí padà.

(Àǹtí Òǹkọ̀wé ti gba bírò pupa lọ́wọ́ Tíṣà, ó ń kọ ọ́ kíákíá sí ẹ̀yìn ìwé ìsìnkú kan tí ó wà lórí tábìlì. Ó gé òkèlè fún ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀.)

DẸ́RẸ́BÀ: Bí ẹ bá ti ń tún un ṣe, kí ẹ tún àwọ̀ ọkọ̀ náà ṣe. Ojú ewé 46 ni ẹ ti ní danfo aláwọ̀ ewé. Yẹ́lò ni danfo, ìlà dúdú méjì ni ó sì ń wà lára rẹ̀.

(Òkèlè dúró ní agbede-méjì àwo àti ẹnu.)

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: N kò ka ojú ewé 46 fún ẹnikẹ́ni.

(Gbogbo wọn wo Dẹ́rẹ́bà. Lẹ́yìn náà, wọ́n wo danfo tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà. Lórí gíláàsì ẹ̀yìn rẹ̀, lókè iná tí ó fọ́, ẹnìkan ti fi ọ̀dà funfun kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà: OJÚ LÓ RÍ.)

DẸ́RẸ́BÀ: Àǹtí, ẹ má bínú. Mo kà á tán. Inú gòsíló lórí afárá yẹn ni mo ti kà á, omi sì bọ́ lójú mi nígbà tí Ṣadé da òrùka náà padà.

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Kí ni ó wá dé tí o fi fún mi ní ẹyọ kan?

DẸ́RẸ́BÀ: Ojú ewé 47 ni mo wà nígbà tí ọkọ̀ iwájú ṣí lọ tí n kò mọ̀, ẹni tí ó wà lẹ́yìn sì rọ́ lù mí. Ìràwọ̀ mẹ́rin tó kù ni mo yọ fún iná ẹ̀yìn.

(Àǹtí Òǹkọ̀wé nu ọwọ́, ó dìde, ó mú bírò pupa dání, ó rìn lọ bá a.)

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Ya ẹnu.

DẸ́RẸ́BÀ: Fún kí ni, Àǹtí?

ÀǸTÍ ÒǸKỌ̀WÉ: Mo fẹ́ ka eyín rẹ ni.