Òróró ni mo ń sá fún, kì í ṣe owó

Èrò ọkàn mi rèé o, ẹni tó bá fẹ́ bínú kó bínú. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé tí a bá ń dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù nílé, owó la fi ń pamọ́, ẹ ò ṣírò rẹ̀ délẹ̀. Fùláwà rèé, ṣúgà rèé, yíìsì rèé, gáàsì rèé, òróró tí iye rẹ̀ kò dúró lójú kan rèé. Ẹ ro gbogbo ẹ̀ pọ̀, kí ẹ wá pín in sí iye èyí tó jáde látinú agbada. Ẹ óò rí i pé ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sí iye tí àwọn tó ń tà á lẹ́bàá títì ń gbà. Àwọn yẹn ń ra fùláwà ní báàgì, àwa ń rà á ní kóńgò. Báwo la ṣe fẹ́ bá wọn du ú?

Síbẹ̀ mi ò ní yé dín in nílé, òróró ló sì fà á.

Ẹ gbọ́ ohun tí mò ń sọ. Pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kì í ṣe ẹyin tí òróró díẹ̀ ń tó dín. Òróró tó jìn ló ń fẹ́, kó lè ráyè léfòó, kó ráyè yí ara rẹ̀ dà. Òróró tí kò jìn ló ń sọ ọ́ di pẹlẹbẹ, tí ẹ̀gbẹ́ kan á pọ́n, tí ẹ̀gbẹ́ kejì á funfun. Nítorí náà, bí ẹ bá dín tán, òróró rẹpẹtẹ ló máa ṣẹ́ kù sínú agbada. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe? Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Ní Òṣogbo níbí, láti Òkè-Fìà dé Oríta Ọláìyá, láti Sábó dé Òkè-Baálẹ̀, kò sí ibi tí ẹ ò ti ní rí agbada lórí iná nírọ̀lẹ́. Ẹni tó ń tà á kò ní nǹkan mìíràn tó lè fi òróró tó kù ṣe ju kó tún fi dín tọ̀la lọ. Ọ̀tunla náà sì ń bọ̀. Mo bá ìyá kan tó ń dín in ládùúgbò wa sọ ọ́ rí. Mo ní, “Màmá, ṣé ẹ ò ní pààrọ̀ òróró yìí ni? Ó ti dúdú o.” Màmá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, “Ọmọ mi, bí mo bá dà á nù, owó ọjà ọ̀la ni mo dà sí gọ́tà yẹn. Màá bu tuntun lé e.” Ẹ má bá mi bú màmá o. Bí mo bá wà nípò wọn, ó ṣeé ṣe kí n ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n tuntun tí wọ́n ń bù lé ògbólógbòó kì í sọ ògbólógbòó di tuntun.

Òróró tí a bá ń gbé kaná léraléra máa ń yí padà. Ooru, afẹ́fẹ́ àti omi tó ń jáde lára ohun tí a ń dín ló ń bà á jẹ́. Àwọ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ ṣú. Lẹ́yìn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ki, á máa fà lára ìgbákọ, á máa ru ìfófó tí kì í tètè rọlẹ̀, á sì ti máa rú èéfín nígbà tí iná kò tíì mú tó bó ṣe yẹ. Òróró tó bá ti ki báyìí, ara ohun tí ẹ ń dín ló ń lẹ̀ mọ́. Ìyẹn ló fà á tí ìwé ìròyìn tí wọ́n fi wé e fún yín fi máa ń rin gbingbin kí ẹ tó délé. (Ta ló tiẹ̀ ní kí á máa fi ìwé tí wọ́n fi yíǹkì tẹ̀ wé oúnjẹ gbígbóná? Ẹjọ́ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.)

Nílé tèmi, òróró tó kù kò dá wàhálà sílẹ̀, torí pé ilé ní ọbẹ̀. Bí mo bá dín tán, màá jẹ́ kó tutù pátápátá, màá tẹ́ aṣọ funfun sínú asẹ́, màá fi sẹ́ gbogbo èérún tó ti jóná kúrò, màá rọ ọ́ sínú ìgò, màá dé e. Ọbẹ̀ ata ọjọ́ kejì, ẹyin àárọ̀, dòdò ọjọ́ Sátidé, ó ti tán nìyẹn. Kò ní padà dín pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù mọ́ láé. Màmá ò ní ọbẹ̀ tó máa gba kẹ́ẹ̀gì òróró, èmi ní. Ohun tí mo fi ju màmá lọ kò ju ìyẹn náà lọ, torí ká sòótọ́, ọwọ́ wọn mọ̀ ọ́n jù sínú òróró ju tèmi lọ fíìfíì. Tiwọn á ká róbótó, tèmi á ní ìrù.

Ẹ̀yin tí ẹ bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, fùláwà 500 gíráàmù, ṣúgà 100 gíráàmù, yíìsì ṣíbí ìmutíì 2, iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìmutíì, nọ́tímẹ̀ẹ̀gì tí ẹ rin díẹ̀ sí i, àti omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bíi 400 mìlílítà. Ẹ fi ọwọ́ lù ú dáadáa títí tí kò fi ní kókó mọ́. Ó gbọ́dọ̀ máa fà, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ ṣàn bí ẹ̀kọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ṣúgà pọ̀ jù nítorí àwọn ọmọ. Ṣúgà tó bá pọ̀ á mú ẹ̀yìn rẹ̀ pọ́n kíá kí inú rẹ̀ tó jiná.

Yíìsì ni kí ẹ máa ṣọ́. Ó ní ẹ̀mí. Ṣúgà ló ń jẹ, afẹ́fẹ́ tó ń tú jáde ló sì ń mú fùláwà wú. Omi tó bá gbóná dé 60 lórí òṣùwọ̀n Celsius á pa á. Ẹ ò nílò òṣùwọ̀n kankan: bí ẹ bá ti ìka bọ omi náà, tí ẹ fà á yọ wéré, ó ti gbóná jù fún un. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n sínú ọ̀rá kéékèèké lọ́jà, tí wọ́n ti ṣí páálí rẹ̀ sílẹ̀ nínú ooru tipẹ́, lè ti kú kí ẹ tó rà á. Ẹ kọ́kọ́ bù ú sínú omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ pẹ̀lú ṣúgà díẹ̀, kí ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Bó bá ru ìfófó bo ojú omi, tí òórùn ẹmu ń jáde, ó wà láàyè. (Òórùn ẹmu yẹn kì í ṣe àṣìṣe, yíìsì náà ló ń mú ẹmu ọ̀pẹ kan. Kí yíìsì inú páálí tó gbòde, ẹmu ni àwọn kan fi ń mú búrẹ́dì wú nílẹ̀ wa.) Bó bá jókòó sísàlẹ̀ ife, tí omi òkè mọ́ gaara, ẹ dà á nù, ẹ má fi fùláwà olówó gọbọi ṣòfò.

Lóṣù Ẹrẹ́nà tí ooru Òṣogbo ń lé wa jáde nínú yàrá, nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 ti tó kó wú. Nígbà ọyẹ́, ẹ fún un ní wákàtí kan ààbọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń da bẹ́kìn páúdà sí i torí pé ẹ ò lè dúró, ohun tí ẹ dín kò burú, ṣùgbọ́n báǹsì ni. Ti áà-fráyà, ẹ̀rọ tó ń fi afẹ́fẹ́ gbígbóná dín nǹkan, kò tiẹ̀ gba àlàyé, ohun tí a pò yìí á jò gba inú ihò rẹ̀ bọ́ sísàlẹ̀.

Ó kan òróró. Ẹ ju kín-ń-kín sí i. Bó bá rì tó dúró síbẹ̀, ẹ ṣe sùúrù, torí bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dín báyìí, òróró ló máa mu yó. Bó bá rì tó sì léfòó kíá, tí òróró ń hó yí i ká, ẹ bẹ̀rẹ̀. Bó bá pọ́n lójú ẹsẹ̀, ẹ dín iná kù. Ẹni tó bá ní òṣùwọ̀n, 175 sí 180 ló ń wá. Ẹ fi omi pa ọwọ́, ẹ bu ú sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ fún un gba òkè jáde, kí ẹ fi àtàǹpàkò gé e sínú òróró. Má jìnnà sí òróró o! Ibi gíga téèyàn ti ń jù ú ló ń ta òróró síni lápá. Bí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ti jiná, á yí ara rẹ̀ dà. Èyí tó bá ṣoríkunkun, ẹ fi ìgbákọ tì í. Ẹ má kún agbada, torí òróró á tutù.

Ohun tó ń bí mi nínú nínú gbogbo rẹ̀ ni fùláwà. Àlìkámà ni wọ́n fi ń ṣe é, ìlú òkèèrè sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú àlìkámà tí à ń jẹ ní Nàìjíríà ti ń wá, dọ́là la sì fi ń rà á. Ìjọba Babangida fòfin de kíkó o wọlé ní 1987, wọ́n sì tún ṣí i ní 1992. Láti oṣù kẹfà ọdún 2023 tí wọ́n ti jọ̀wọ́ náírà sọ́wọ́ ọjà, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tójú wa ń rí. Àwọn kan ní kí á fi ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ dípò. Ìjọba Ọbásanjọ́ ti fẹ́ kí àwọn oníbúrẹ́dì máa fi ìdá 10 nínú 100 lú u, ìwọ̀n yẹn kò sì ba ti agbada jẹ́. Ẹ má kọjá ibẹ̀. Ẹ̀gẹ́ kò ní ohun tó ń mú fùláwà fà, tó ń di afẹ́fẹ́ mú sínú, á kàn wúwo sí yín níkùn ni.

Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ ra òróró ní ọjà Ìgbọ̀nà lọ́la, ẹ mú ìgò funfun tiyín dání. Kí wọ́n rọ ọ́ lójú yín, kí ẹ gbé e sókè wo oòrùn gba inú rẹ̀, kí ẹ sì gbóòórùn rẹ̀. Bí òórùn ẹja bá ń jáde, ẹ dá a padà kí ẹ tó sanwó. Ṣùgbọ́n bó bá dì díẹ̀ lásìkò ọyẹ́, ẹ má bá wọn jà, òróró tí wọ́n yọ lára ọ̀pẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí òtútù bá mú un.