Ẹ má fi ìkánjú buwọ́ lu Early Decision

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń múra àtiwọ yunifásítì ní Amẹ́ríkà, èrò mi rèé: bí ẹ kò bá tíì mọ iye tí apá yín ká, ẹ má jẹ́ kí ọmọ náà fi fọ́ọ̀mù Early Decision ránṣẹ́.

Àdéhùn ni Early Decision: ọmọ á tètè kọ̀wé, á sì ṣèlérí pé bí wọ́n bá gba òun, ibẹ̀ lòun máa lọ. Ilé-ìwé kan ṣoṣo ni ọmọ lè bá ṣe é. Ọmọ á buwọ́ lù ú, òbí á buwọ́ lù ú, olùdámọ̀ràn ilé-ìwé girama náà á fọwọ́ sí i. Bí wọ́n bá gbà á ní oṣù Kejìlá, dandan ni kó fagi lé fọ́ọ̀mù tó fi sí ibòmíràn. Iye ìrànwọ́ owó tí ilé-ìwé yẹn bá fún un nìkan lẹ máa rí, ẹ ò ní lẹ́tà ilé-ìwé kejì tí ẹ lè fi wé e. Ẹni tó ti búra pé òun máa ra ọjà kó tó gbọ́ iye rẹ̀, báwo ló ṣe fẹ́ nájà? Lóòótọ́, wọ́n lè tú ọmọ sílẹ̀ bí ìrànwọ́ náà kò bá tó, ṣùgbọ́n nígbà yẹn, ọjọ́ tí àwọn ilé-ìwé yòókù máa ti ìlẹ̀kùn ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

Wọ́n á ní àwọn tó tètè kọ̀wé ni wọ́n ń gbà jù. Bẹ́ẹ̀ ló rí ní ọ̀pọ̀ ilé-ìwé, àmọ́ àwọn eléré ìdárayá tí kóòṣì ti mú sílẹ̀ wà nínú iye yẹn. Ní 2006, Harvard àti Princeton kéde pé àwọn ò ní gba fọ́ọ̀mù ìṣáájú mọ́, nítorí àwọn ọmọ olówó ló ń ṣe láǹfààní jù. Nígbà tí wọ́n dá a padà ní 2011, èyí tí kò de ọmọ mọ́lẹ̀ ni àwọn méjèèjì gbé wá.

Irú èyí, Early Action, ni mo fara mọ́. Èsì ń tètè dé, ọmọ sì ní títí di ọjọ́ 1 oṣù Karùn-ún láti yàn. Yunifásítì MIT kì í ní kí ọmọ má tètè kọ̀wé síbòmíràn. Harvard, Yale, Princeton àti Stanford máa ń fi ààlà sí i, ẹ ka òfin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn.

Ọmọ tí máàkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gòkè ní kíláàsì kejìlá, ọdún ìkẹyìn ní girama, ẹ jẹ́ kó dúró de Regular, ìyẹn ìkọ̀wé ti gbogbogbòò tó máa ń wáyé lẹ́yìn ti ìṣáájú, kí wọ́n lè rí èsì sáà àkọ́kọ́ rẹ̀.

Bí ọkàn ọmọ bá wà níbì kan ṣoṣo, kò burú kó ṣe Early Decision, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ ṣírò owó. Ìjọba àpapọ̀ ti fi dandan lé e fún àwọn ilé-ìwé láti gbé ẹ̀rọ ìṣirò owó, tó ń fojú díwọ̀n iye tí ẹ máa san, sórí ìkànnì wọn. Ẹ jọ jókòó tì í, ẹ fi iye tó ń wọlé fún yín gan-an sí i, kí ẹnikẹ́ni tó gbé bírò.