Ẹ má hú kale yín nítorí òtútù

Lọ́dọọdún, tí oṣù kọkànlá bá ti wọlé nílùú Ọba níbí, àwọn èèyàn wa tó ń dáko ẹ̀fọ́ sórí ilẹ̀ káńsù á bẹ̀rẹ̀ sí í hú kale wọn. Wọ́n á ní ìrì máa tó dì, pé kò séwé tó lè yè é. Ó máa ń dùn mí, torí ìgbà tí ẹ̀fọ́ yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ dùn ni wọ́n ń fà á tu.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Tẹ̀tẹ̀ lọ̀pọ̀ wa kọ́kọ́ ń gbìn, tẹ̀tẹ̀ ò sì gba òtútù rárá. Tí ìrì bá dì lálẹ́ ọjọ́ kan péré, ilẹ̀ á mọ́ bá a bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n gbàgbé sórí iná. Ẹbí kábéèjì ni kale ní tiẹ̀. Àwọn ará Scotland fi ń la ìgbà òtútù já tipẹ́tipẹ́, débi pé orúkọ rẹ̀ ni wọ́n fi pe ọgbà ẹ̀fọ́ ẹ̀yìnkùlé: kailyard. Èyí tí etí ewé rẹ̀ ká kókó lè fara da -10°C.

Tí òtútù bá mú un, á sọ sítáàṣì ara rẹ̀ di ṣúgà. Omi tó ní ṣúgà kì í tètè dì bí omi lásán. Ohun tó fi ń gba ara rẹ̀ là nìyẹn, òun náà ló ń mú kó dùn lẹ́nu wa. Ẹni tó jẹ ẹ́ lóṣù kẹsàn-án tó ní ó korò, kó tún un jẹ lóṣù kìíní.

Ìrísí rẹ̀ láàárọ̀ ló ń dẹ́rù bani. Mo dé oko ní agogo 8 lọ́jọ́ kan, gbogbo ewé ti dorí kodò, wọ́n le gbagidi, ìrì funfun bí iyọ̀ létí wọn. Mo fọwọ́ kan ọ̀kan, ó ṣẹ́ bíi gíláàsì. Mo fi ìyókù sílẹ̀. Nígbà tó fi máa dọ̀sán, wọ́n ti nàró. Ẹ ṣáà jẹ́ kó yọ́ kẹ́ ẹ tó já a.

Lóòótọ́, kì í fi bẹ́ẹ̀ dàgbà mọ́ nígbà yẹn. Àìsí ìmọ́lẹ̀ wà lára ohun tó fà á: ní London, ojúmọmọ ò pé wákàtí 8 tí oṣù kejìlá bá dé ìdajì. Èyí tó ti dàgbà tẹ́lẹ̀ lẹ máa jẹ, nítorí náà ẹ tètè gbìn ín, lóṣù kẹrin tàbí ìkarùn-ún, kẹ́ ẹ máa já ewé ìsàlẹ̀, kẹ́ ẹ fi orí rẹ̀ sílẹ̀.

Ẹyẹlé igbó ni ọ̀tá rẹ̀ gan-an. Tí oúnjẹ bá wọ́n wọn, igi rẹ̀ lásán nìkan ni wọ́n máa ṣẹ́ kù fún yín. Àwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi bò ó nítorí ẹyẹ, kì í ṣe aṣọ nítorí òtútù.

Lóṣù kẹta sí ìkẹrin, á fẹ́ yọ òdòdó. Ẹ ṣẹ́ orí rẹ̀ kí òdòdó tó là, kẹ́ ẹ dà á sínú ata tó ti gbọ́ irú. Kò ju ìṣẹ́jú 3 lọ lórí iná.