Kennedy kọ́ ló pa fìlà, ẹ fi ọkùnrin yẹn sílẹ̀

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ yìí tó ẹ̀ẹ̀mẹwàá, màá tún sọ ọ́ lónìí torí pé ẹnìkan tún ti bí mi nínú. Ibi ọjọ́ ìbí kan la wà lópin ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ọ̀rọ̀ wá dórí aṣọ àwọn olóṣèlú, ta ni súùtù ò bá lára mu, ta ló ń fi táì gígùn bo ikùn, à ń rẹ́rìn-ín, ayé ń lọ. Àfi bí bọ̀dá kan ṣe dìde, tó gbé gíláàsì ẹ̀ sókè bíi pé ó fẹ́ wàásù, ó ní ṣé a mọ̀ pé John Kennedy tó jẹ ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà kan ló pa fìlà run mọ́ àwọn ọkùnrin lórí? Ó ní lọ́jọ́ tí wọ́n búra fún un lọ́dún 1961, kò dé nǹkan kan sórí, gbogbo Amẹ́ríkà rí irun ẹ̀ nínú tẹlifíṣàn, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ wọ́n ti kó fìlà wọn dànù. Gbogbo ilé ní "ẹ̀n-ẹ́n!" Ẹnìkan tiẹ̀ pàtẹ́wọ́.

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o, ẹ jù mí lọ, mi ò lè já yín lójú gbogbo èèyàn. Àmọ́ irọ́ ni, irọ́ pátápátá.

Ọjọ́ ìbúra yẹn gan-an ni ká ti bẹ̀rẹ̀. 20 January 1961, ní Washington, yìnyín ti ń já bọ́ látàná, ó ti bo gbogbo ìgboro, òtútù ibẹ̀ lè gé èèyàn létí. Kennedy dé fìlà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ó dé fìlà. Kì í sì í ṣe fìlà pẹlẹbẹ kan báyìí o, fìlà gogoro dúdú ni, tí wọ́n fi ṣẹ́dà ṣe, tó ń dán bíi bàtà tuntun, tó bá dé e kó tó wọlé á ní láti bẹ̀rẹ̀ fún ẹnu ọ̀nà. Fọ́tò ẹ̀ wà nílẹ̀ lóríṣiríṣi, òun àti Eisenhower tó fẹ́ gbé ìjọba sílẹ̀, fìlà gogoro lórí àwọn méjèèjì, wọ́n le ojú bí ẹni tó ń lọ sìnkú ọlọ́lá kan. Ibi tó wá dùn níbẹ̀ ni pé Kennedy fúnra ẹ̀ ló ní kí wọ́n múra bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n búra fún Eisenhower lọ́dún 1953, ó ti pa gogoro tì, homburg ló dé, àkẹtẹ̀ tó rẹlẹ̀, tó ní kòtò láàárín òkè. Kennedy ló dá gogoro padà. Ẹni tẹ́ ẹ ní ó pa fìlà ló lọ gbé èyí táráyé ti fẹ́ gbàgbé jáde látinú àpótí!

Àwọn fìlà wọ̀nyẹn tún pọ̀ níbẹ̀ débi pé wọ́n ń fi ṣe agbòòrùn. Robert Frost, akéwì tó ti di ẹni ọdún 86, jáde wá kéwì, oòrùn ń tàn lórí yìnyín, ó ń ṣe é lójú yánmọyànmọ, kò rí ìwé ọwọ́ ẹ̀ kà. Lyndon Johnson, igbákejì ààrẹ, bá ṣáré mú fìlà gogoro tiẹ̀, ó fi ń ṣíji bo ìwé fún bàbá. Kò ràn án. Frost pa ìwé yẹn tì, ó ké ewì mìíràn tó wà lórí ẹ̀ láìwo ìwé. Ẹni tó bá ti rí fọ́tò yẹn, tí Johnson na fìlà síwájú bí ọmọ tó ń gba owó ọdún, kò tún gbọdọ̀ jókòó kó máa sọ fún mi pé kò sí fìlà lọ́jọ́ yẹn.

Ibi tí irọ́ yìí ti wá, mo mọ̀ ọ́n. Nígbà tó kan ìbúra àti ọ̀rọ̀ sísọ, Kennedy bọ́ kóòtù òtútù, ó ṣí fìlà, ó na ọwọ́ sókè. Fọ́tò tí gbogbo ayé ń rí nìyẹn. Truman, ààrẹ tó ṣáájú Eisenhower, náà ṣí fìlà kó tó búra. Eisenhower náà ṣí tiẹ̀. Ẹnì kankan ò sọ pé àwọn yẹn pa nǹkan kan.

Ẹ wá jẹ́ ká lọ bá àwọn tó ń ṣe fìlà gan-an, torí àwọn ni wọ́n mọ ìgbà tí ọjà kú. Ìlú kan wà ní ìpínlẹ̀ Connecticut ní Amẹ́ríkà tó ń jẹ́ Danbury, Ìlú Fìlà ni wọ́n ń pè é. Lọ́dún 1887, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fìlà níbẹ̀ tó 30, mílíọ̀nù 5 fìlà ni wọ́n ń ṣe jáde lọ́dún. (Mákúrì, kẹ́míkà olóró kan, ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ lára irun ẹran tó ń di fìlà yẹn, ó sì ń ba àwọn òṣìṣẹ́ lára jẹ́ débi pé ọwọ́ wọn á máa gbọ̀n pẹ̀pẹ̀, ọdún 1941 ni wọ́n tó fòfin dè é. Tẹ́ ẹ bá ń wá apànìyàn nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀.) Nígbà tó fi máa di 1923, ilé iṣẹ́ tó kù ní Danbury ò ju 6 lọ. Mẹ́fà nínú ọgbọ̀n! Ọdún 1917 sì ni wọ́n bí Kennedy. Ṣé ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń ṣeré nínú iyẹ̀pẹ̀ lẹ ní ó ti ilé iṣẹ́ fìlà pa? Ó dáa, iṣẹ́ míì kó lọ sílùú míì, mo gbà, kì í ṣe gbogbo ẹ̀ ló kú síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjà ti ń rẹlẹ̀ tipẹ́tipẹ́ kí ọkùnrin yẹn tó mọ bí wọ́n ṣe ń ya irun.

Ohun tó pa fìlà ni mọ́tò. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ torí pé ó ti ṣẹlẹ̀ sí èmi alára. Ìgbà kan tí ọ̀rẹ́ mi fẹ́ gbéyàwó, mo lọ ra àkẹtẹ̀ òyìnbó kan, aláwọ̀ eérú, tí wọ́n fi rìbọ́nù dúdú yí ìdí ẹ̀ ká, mo ní lọ́jọ́ náà àwọn èèyàn á mọ̀ pé mo dé. Nínú dígí ilé, mo dà bíi mínísítà. Mo dé ìdí mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀, mo fẹ́ wọlé, etí àkẹtẹ̀ kọ́ òrùlé, ó bá ṣubú bò mí lójú, mo fi eékún gbá ilẹ̀kùn. Mo gbìyànjú láti jókòó tì í báyìí, etí ẹ̀yìn ẹ̀ ń gbá àga, ló bá ń tì mí lórí síwájú, bí ẹni tó ń tòògbé ni mo ṣe rí. Mo ṣí i, mo gbé e lé itan, a dé kọ́nà kan, ó bọ́ sílẹ̀. Mo wá gbé e sórí àga ẹ̀yìn. Ibi tí ọ̀rọ̀ parí sí nìyẹn, torí pé a dúró gbé àǹtí kan tí wọ́n jẹ́ ẹbí ìyàwó, wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọn ò wo ẹ̀yìn, wọ́n jókòó. A ti rìn jìnnà kí wọ́n tó ní "kí ló ń gún mi báyìí?" Mi ò lè sọ̀rọ̀. Àwòrán ìgbéyàwó yẹn wà nílé, mi ò dé nǹkan kan. Ṣé Kennedy ló fà á?

Ẹ wá wo Amẹ́ríkà. Lọ́dún 1945 mọ́tò ilé tó wà níbẹ̀ jẹ́ bíi mílíọ̀nù 25, nígbà tó fi máa di 1960 ó ti ju mílíọ̀nù 60 lọ. Èèyàn tó ń fẹsẹ̀ rìn tàbí tó ń dúró de bọ́ọ̀sì nínú òjò àti òtútù ń fẹ́ nǹkan sórí, ẹni tó jókòó sábẹ́ òrùlé tirẹ̀ látilé dé ibi iṣẹ́ ò nílò ẹ̀. Wọ́n tún wá ń ṣe òrùlé ọ̀hún ní rírẹlẹ̀ sí i. K.T. Keller, ọ̀gá Chrysler, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe mọ́tò, títí di ọdún 1950, bàbá alágídí kan, ó ní mọ́tò tóun bá máa tà, ọkùnrin gbọ́dọ̀ lè jókòó sínú ẹ̀ tòun ti fìlà lórí. Wọ́n ṣe é fún un, mọ́tò náà rí gànkù bí àpótí, ọjà àwọn tó rẹlẹ̀ tó gùn gbọọrọ sì ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀. Ọdún 1954 burú fún Chrysler gan-an. Ọdún 1955 ni wọ́n gbé mọ́tò tuntun jáde, Virgil Exner ló ya á, ó rẹlẹ̀, ó gùn, ọjà sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹ rí i báyìí, wọ́n fi fìlà àti mọ́tò síwájú àwọn oníbàárà, mọ́tò ni wọ́n mú. Ọdún mẹ́fà ṣáájú ìbúra Kennedy nìyẹn o.

Ẹ tún fi àwọn ọmọ ogun tó ti Ogun Àgbáyé Kejì bọ̀ kún un, àwọn tó fi odidi ọdún dé fìlà lórí àṣẹ, tí wọ́n dé ilé tí wọn ò fẹ́ rí nǹkan lórí mọ́.

Tó bá sì jẹ́ pé orí ààrẹ làwọn èèyàn ń wò kí wọ́n tó múra, Truman ńkọ́? Ọkùnrin yẹn ta aṣọ àti fìlà rí, òun àti ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ní ṣọ́ọ̀bù ní Kansas City láti 1919, ó wó mọ́ wọn lórí lọ́dún 1922. Ó di ààrẹ, ó ń dé fìlà kiri bíi pé owó ni wọ́n ń san fún un, látọdún 1945 dé 1953. Ọjà fìlà ò torí ẹ̀ gbé pẹ́ẹ́lí. Obama náà wọ súùtù aláwọ̀ iyanrìn kan ní August 2014, wọ́n fi ṣẹ̀sín fún ọjọ́ mélòó kan, ta ló wá sáré lọ rán irú ẹ̀?

Wọ́n á ní Kennedy lẹ́wà, ó nírun, àwọn tó ń ṣe fìlà tà ń bẹ̀ ẹ́ kó máa dé e kó fi ràn àwọn lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n bẹ̀ ẹ́, àìmọye ìgbà ló fi ọwọ́ mú fìlà tí kò dé e, àní ní àárọ̀ 22 November 1963, ní Fort Worth, wọ́n fún un ní àkẹtẹ̀ àwọn darandaran Texas, kò dé e, ó dá àpárá pé òun máa dé e ní White House lọ́jọ́ Monday. Kò fẹ́ràn fìlà, mi ò jiyàn. Ẹni tí ò fẹ́ràn nǹkan àti ẹni tó pa nǹkan kì í ṣe ẹnìkan náà. Bóyá ó tì í díẹ̀ nígbà tó ti ń ṣubú lọ, ó dáa, mo gba ìyẹn, ẹ má bi mí ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tá a túká níbi ọjọ́ ìbí yẹn, mo tẹ̀ lé bọ̀dá yẹn jáde, mo ní kí n fọ̀wọ̀ ṣàlàyé fún wọn níta níbi téèyàn ò pọ̀ sí. Wọ́n dé fìlà o, fìlà tó wuyì gan-an. Wọ́n ń ṣàlàyé irun Kennedy fún mi lọ títí a fi dé ìdí mọ́tò wọn. Wọ́n ṣílẹ̀kùn, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n jù ú sórí àga ẹ̀yìn láìwò ó, wọ́n wọlé, wọ́n ní "àbí irọ́ ni mo pa?"