Ẹ Yéé Kó Ọ̀kadà Sínú Ọkọ̀ Igi

Ó ti sú mi! Láti kékeré ni mo ti ń tẹ̀lé ìyá àgbà láti Ilé-Ifẹ̀ lọ sí oko kòkó tó wà ní òdìkejì odò Ṣàṣà, ọkọ̀ igi la sì fi ń sọdá. Mo fẹ́ràn odò yẹn dénú. Ṣùgbọ́n kò sọ́jọ́ kan tí a dé etídò tí ọlọ́kọ̀ gbà pé ọkọ̀ ti kún. "Ó ku ẹnì kan!" Ẹnì kan yẹn á di mẹ́ta, ewúrẹ́ á tẹ̀lé e, àpò kòkó á tún gorí rẹ̀.

Ní báyìí ńkọ́? Ọ̀kadà ni wọ́n tún ń gbé wọ̀ ọ́! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, omi ku ìka méjì péré kó wọnú ọkọ̀, ọmọdékùnrin kan ń fi igbá gbọ́n omi, ọlọ́kọ̀ ń ka owó. Mo ní kó dín èrò kù. Àwọn tá a jọ wọkọ̀ ló kọ́kọ́ pariwo mọ́ mi: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká máa lọ jàre, ọjà ń tú." Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ẹ̀ẹ̀rùn sàn díẹ̀, torí omi á fà. Àmọ́ nígbà òjò, tí odò bá kún dẹ́nu, tó ń wọ́ igi lọ, iye èrò kan náà ni wọ́n ń kó. Ẹ̀wù tó ń gbé ni léfòó, kò sí ẹyọ kan. Abiyamọ pọn ọmọ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ta ló fẹ́ bá a tú ọ̀já? Ẹ dá mi lóhùn!